Adìẹ Òpìpì Tó Kọ́ Akọpẹ Rìn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o!"

Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, ó wo àwọn ọmọ agboolé yíká bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Àlọ́ mi yìí ò fò, kò sì sáré. Ó ń tiro bọ̀, ó ń tiro bọ̀, ó tiro dé ọ̀dọ̀ adìẹ òpìpì kan àti ọkùnrin akọpẹ kan. Ta ló mọ adìẹ òpìpì?"

Láyíwọlá nawọ́ sókè. "Èmi! Adìẹ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò pọ̀ ni."

"O káre. Ṣé ó lè fò?"

"Rárá o!"

"Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dáramọ́lá. Ọ̀pẹ ló ń kọ. Bó bá ti fi igbà kọ́ ìdí, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti wà lókè tó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, igbà já. Gbìì! Dáramọ́lá bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Eegun ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́.

Wọ́n sáré lọ pe bàbá oníṣègùn eegun. Bàbá náà fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó tò ó, ó fi igi pẹlẹbẹ há a, ó fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ mú adìẹ kan wá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣà àwọn oníṣègùn eegun nìyẹn láyé ọjọ́un. Bí wọ́n bá to ẹsẹ̀ ènìyàn tán, wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á tò ó bákan náà. Bí adìẹ bá ti ń rìn, wọ́n á ní ẹsẹ̀ aláìsàn náà ń bọ̀ lọ́nà.

"Háà! Ìyá Àgbà, kí ni adìẹ ṣe?" Mojíṣọlá ló kígbe bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí adìẹ náà béèrè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn."

Bí àwọn adìẹ yòókù ṣe gbọ́ "ẹ mú adìẹ kan wá," gbogbo wọn fò gun orí ògiri. Òpìpì fò títí, kò kúrò nílẹ̀. Òun ni wọ́n mú.

Nígbà tí bàbá náà di ẹsẹ̀ Òpìpì tán, ó kọjú sí ìyá Dáramọ́lá. "Ìyá, oṣù mẹ́ta ni mo fún àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ tí oṣù kẹta bá pé, kí ọmọ yín dá rìn láti orí ẹní rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Bí kò bá lè rìn, a jẹ́ pé adìẹ yìí kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ọbẹ̀ la ó fi sè. A ó mú òmíràn, a ó tún bẹ̀rẹ̀."

Òpìpì gbọ́ ọ kedere.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ Dáramọ́lá sórí ẹní nìyẹn, tí wọ́n sì gbé Òpìpì sí kọ̀rọ̀ yàrá kan náà. Ọjọ́ kan náà ni ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́. Ẹnì kan náà ló tò wọ́n. Àmọ́ ìtọ́jú wọn ò jọra rárá.

Ìyá Dáramọ́lá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé góńgó. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bó bá fẹ́ jókòó, ìyá á ní, "Dùbúlẹ̀, ọkọ mi." Bó bá nawọ́ sí igbá omi, ìyá á ní, "Kí ni mò ń ṣe láyé tí ìwọ fi máa nawọ́?" Àní bí eṣinṣin bá bà lé e nímú, ìyá rẹ̀ ló ń lé e.

"Ó dáa. Ta ló ń fi oúnjẹ sí Òpìpì lẹ́nu?"

"Kò sí!"

Kò sí. Ebi sì ń pa á. Bó bá rí hóró àgbàdo kan lọ́ọ̀ọ́kán, á fi àyà wọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́ún-pọ́ún. Nígbà tó tún yá, ó ń fi èyí tó ṣẹ́ kan ilẹ̀ díẹ̀, á gbé e, á tún fi kàn án. Oṣù kan kọjá, Òpìpì ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ha ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná.

Oṣù kejì pé. Bàbá oníṣègùn wá tú igi kúrò lẹ́sẹ̀ Dáramọ́lá. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. "Eegun ti so pọ̀. Ó ti le. Dìde, ọmọ mi."

Dáramọ́lá gbìyànjú. Orúnkún rẹ̀ gan bí àgádágodo tó ti dípẹtà. Ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ti joro, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó dúró ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ yí, ó jókòó gbì.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ìyá rẹ̀ ké. "Ẹ ò rí i pé kò tíì jinná ni? Dùbúlẹ̀, ọkọ mi, dùbúlẹ̀."

Bàbá wo Dáramọ́lá. Ó wo Òpìpì tó ń rìn kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó mi orí. "Oṣù kan ló kù," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ewúrẹ́ ilé wà níta tó ń jẹ èèpo iṣu. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òpìpì, o gbọ́? Wọn ò ní pẹ́ lọ ata."

"Ata tìrẹ ni wọ́n máa lọ."

"Èmi kẹ̀? Ta ló rán mi níṣẹ́ ẹsẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi, tètè sanra díẹ̀. Ọbẹ̀ olómi ò dáa."

Òpìpì ń ronú. Bí òun bá ní kí òun fò, kò sí ìyẹ́. Bí òun bá gba ojú ọ̀nà lọ, àwòdì wà lókè, akátá wà nínú igbó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ọkùnrin tó wà lórí ẹní yẹn gbọ́dọ̀ rìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ìyá ṣe gbé ìkòkò lọ sódò, Òpìpì wọ yàrá. Àgbàdo sísun kan wà nínú àwo lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dáramọ́lá. Òpìpì fi ẹnu wọ́ ọ, ó wọ́ ọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹní.

"Adìẹ yìí! Gbé e padà!"

"Wá gbé e."

"Mi ò lè dìde."

"Ta ló ní kí o dìde? Mo ní kí o wá gbé e."

Inú bí Dáramọ́lá. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó ká orúnkún díẹ̀, ó nawọ́. "Yéè! Ó ń dùn mí!"

"Oorun ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń sùn. Ta lo rí tí wọ́n jí lójijì tí kò kùn?"

Ó tún nawọ́. Ọwọ́ bà á. Ó jẹ àgbàdo náà tòun ti ìbínú, kò sì rántí ìgbà tí àgbàdo ti dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Òpìpì wá jókòó níwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ti ṣẹ́ rí. "Wò ó. Ẹsẹ̀ tèmi àti tìrẹ ló jọ ṣẹ́. Èmi ti ń rìn, ìwọ wà nílẹ̀. Ṣé oògùn tèmi ló dára ju tìrẹ lọ ni?"

Dáramọ́lá wo ẹsẹ̀ adìẹ, ó wo tirẹ̀.

"Ebi ló jẹ́ kí n máa lo ẹsẹ̀ tèmi. Ìfẹ́ ò jẹ́ kí o lo tìrẹ. Ká orúnkún yẹn. Nà á. Ká a. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Máa kà á sókè, kí n mọ̀ pé o ò ṣe àbòsí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí ìyá bá ti lọ sódò, Òpìpì á dé. Ọjọ́ kejì, àgbàdo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ máa fi pé, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Dáramọ́lá á di ògiri mú, á dìde dúró, á jókòó, á tún dìde. Orin tí Òpìpì sì máa ń kọ nìyí. Ẹ bá mi gbè é.

Ẹsẹ̀ tó sùn, dìde o,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."
Orúnkún tó gan, rọ̀ o,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."
Ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."
Ilẹ̀ yìí ò ní sá lọ o,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."

Lọ́jọ́ kan, ìyá tètè dé. Ó bá ọmọ rẹ̀ ní ìdúró, ó bá Òpìpì níwájú rẹ̀. Ó figbe ta, ó fa ìgbálẹ̀ yọ. "Ṣíọ̀! Adìẹ burúkú! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni?" Òpìpì sá lábẹ́ ìgbálẹ̀, ìyẹ́ méjì nínú ìwọ̀nba tó ní bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá, Dáramọ́lá rí i pé ara òun ti ń yá. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kí ni gbogbo eré ọmọdé yìí?" Ó mú ọ̀pá, ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó rìn dé ìdí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì rìn padà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu, ó sì gbóná.

"Ṣé ìwọ ló ní kí n máa rìn?" ló fi kí Òpìpì káàárọ̀.

"Mo ní ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la. Ìwọ lọ kó ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìrìn kan." Òpìpì yẹ ẹsẹ̀ náà wò dáadáa. "Fetí sílẹ̀. Ìrora méjì ló wà. Ọ̀kan á dùn ọ́ nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á ti lọ. Ìyẹn, bá a rìn. Èkejì á wú, á gbóná, ilẹ̀ á mọ́, á ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn, gbọ́ tirẹ̀. Ó ń sọ pé o ti kọjá ààyè."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

Òpìpì gbójú sókè. Oṣù ti ń tán lọ lójú ọ̀run. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù fún ọrùn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Dìde, ká máa lọ." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Sinmi ọjọ́ méjì," ló wí. "Gbé ẹsẹ̀ náà sókè, fi aṣọ tútù lé e. Lẹ́yìn náà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ògiri."

Ewúrẹ́ gbọ́ ọ láti ìta. "Ọjọ́ méjì! Òpìpì, ṣé ọ̀run ń pè ọ́ ni?"

"Jẹ èèpo iṣu rẹ."

Ọjọ́ pé. Bàbá oníṣègùn dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ìkòkò wà lórí iná, ata ti wà nílẹ̀. Ó mú Òpìpì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó há a sí abíyá, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. "Dáramọ́lá, mò ń dúró dè ọ́."

Dáramọ́lá dìde láìdi ògiri mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kìíní. Ó gbé èkejì. Ó jáde sí oòrùn. Láti abẹ́ abíyá bàbá, ohùn tínńrín kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é!

Ẹsẹ̀ tó sùn, dìde o,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!"
Orúnkún tó gan, rọ̀ o,
"Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́!"

Ó dé ìdajì ọ̀nà. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra, ó sáré sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màámi, ẹ dúró!" Dáramọ́lá ò wo ẹ̀yìn. "Ẹ má dì mí mú. Bí ẹ bá dì mí mú báyìí, adìẹ yẹn ti kú nìyẹn. Àti ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú rẹ̀."

Ìyá dúró gbagidi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Nígbà tó yá, ó pàtẹ́wọ́. Ó tún pa á. Ó la ẹnu, ó gbè é: "Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́... tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́..."

"Kí wá ni Dáramọ́lá ṣe, Ìyá Àgbà?"

Ó gbé ẹsẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó nawọ́, ó gba Òpìpì kúrò lábíyá bàbá. "Bàbá, ẹ bá mi tú u. Tíṣà mi ni."

Wọ́n tú u. Dáramọ́lá ròyìn bí adìẹ ṣe fi àgbàdo kọ́ òun rìn. Ìyá Dáramọ́lá wá kúnlẹ̀ fún adìẹ. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ rí, kó wí. Ewúrẹ́ ní, "Ata tí ẹ ti lọ ńkọ́?" Ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi sè jẹ.

Oṣù mẹ́ta sí i ló gbà kí Dáramọ́lá tó tún gun ọ̀pẹ, ọ̀pẹ kúkúrú ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá oníṣègùn ò ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kankan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bó bá tú igi lẹ́sẹ̀ aláìsàn, á pe àwọn ará ilé, á ní, "Ẹ má gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn jù o."

"Kí la rí kọ́?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ká má ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ!" ni Mojíṣọlá wí.

"Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi: oníṣègùn lè to eegun, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló máa kọ́ ọ rìn, díẹ̀ díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn aláìsàn, kó dúró tì í, kó má dúró dípò rẹ̀."

Àlọ́ mi ti dé ibi tó ń lọ, kò jókòó lọ́nà. Bí mo bá pa irọ́ fún yín, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi má jí bá mi lọ́la. Ẹ wá kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n pé.