Ìdí Tí Géèmù Kì Í Fi Í Tán Lọ́wọ́ Ẹni

Nígbà láéláé, nígbà tí àdán ṣì ń bá ẹyẹ jẹun nínú abọ́ kan náà, géèmù kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó tẹ́.

Alántakùn ló ń ṣe é. Inú àpótí tó ní gíláàsì lójú ló ń ta okùn rẹ̀ sí. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, ọmọ kékeré kan á máa sáré lórí okùn náà lọ sílé, kí òjò má baà pa á. Kókó tí Alántakùn ta sára okùn ló ń sọ ibi tí odò wà, ibi tí ẹ̀gún wà, àti ibi tí wọ́n ti ń fò.

Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n ti ń gbá a. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jókòó. Bí ọmọ inú àpótí bá ṣubú, ẹni tó ń gbá a á dìde fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mú ọmọ náà délé, ó parí nìyẹn. Olúborí á kígbe ọ̀nà náà síta, gbogbo wọn á mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì ju àpótí sórí àkìtàn.

Ọ̀bọ ló máa ń borí. Orí àkìtàn ni Ìgbín sì máa ń bá àpótí. Mẹ́tàdínlógún ló ti bá níbẹ̀. Kò gbá géèmù rí láyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Alántakùn kéde pé òwú inú òun ti ń tán, pé èyí tí òun ń ṣe lọ́wọ́ ni òun máa fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó wọ́ lọ sílé Alántakùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn ín.

"Ìyá Alántakùn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbá a kí Ọ̀bọ tó dé."

"Kò ṣeé ṣe. Bí mo bá ṣe é fún ọ, Àgbọ̀nrín á ní kí n ṣe é fún òun. Tò sórí ìlà bí ará yòókù."

Ibi tí Ìgbín ti fẹ́ bú sẹ́kún ló ti rí ìrù kan lójú fèrèsé. Ọ̀bọ ni! Ó ń yọjú, ó ń fi ìka ka kókó: "Fò, bẹ̀rẹ̀, yà sósì..."

"Há! Bí ẹ ṣe ń borí nìyí, ẹ̀gbọ́n?" ni Ìgbín wí nínú ara rẹ̀.

Ó dúró títí Ọ̀bọ fi kà á tán tó sì lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kàn fojú rí inú rẹ̀."

Alántakùn ní kó wò ó, ó sì yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ìgbín wọ inú àpótí. Kò já okùn kankan. Ó kàn rìn lórí kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi omi ara rẹ̀ kùn wọ́n dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú ìkarahun.

Nígbà tí wọ́n gbé àpótí dé abẹ́ igi, Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ jókòó.

"Ẹ wò mí o! Ojú dídì ni mo máa fi gbá eléyìí."

Ó fò, ó bẹ̀rẹ̀, ó yà sósì. Jàbú! Ọmọ inú àpótí já sódò.

"Odò kẹ̀? Kò sí odò níbí o!"

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Àgbọ̀nrín bi í. "Dìde jàre, olójú dídì!"

Àgbọ̀nrín yà sọ́tùn-ún, ó kó sẹ́gùn-ún. Òkété fò, kò balẹ̀ síbì kan. Kókó ti ń yọ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣubú báyìí, àwọn kókó á sún kúrò níbi tí wọ́n wà, kò sì sẹ́ni tó rí ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbín dé lọ́jọ́ kẹta. Àkìtàn ló kọ́kọ́ wò. Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó tò sórí ìlà, ó sì kàn án. Ó fi ìwo tẹ bọ́tìnnì, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà já sódò. Ó rẹ́rìn-ín títí ìkarahun rẹ̀ fi ń mì.

"Dìde níbẹ̀!" ni Ọ̀bọ pariwo.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn yín ni mò ń bọ̀."

Alántakùn rí omi tó ń dán lára okùn. Ó wo Ìgbín, ó wo ìlà tí kò tán, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sinmi.

Láti ọjọ́ náà ni géèmù tó dùn kì í ti í tán lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀nà àná kọ́ ni tòní. Bí ìyá bá sì pe ọmọ kó wá jẹun, ọmọ náà á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, mọ́mì." Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì tíì délé.