Ọ̀bẹ Àjíṣafẹ́ àti Àkọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́." A ti gbọ́ ọ títí débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́: ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀bẹ? Irin kò sáà ní ahọ́n. Ẹnì kan ló bá ọ̀bẹ sọ ọ́, ẹni náà ní orúkọ, ó sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Àjíṣafẹ́ ni orúkọ rẹ̀, adẹ́mu ni ní abúlé Ìdí-Ọ̀gánwó. Ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń dá ẹmu, ọ̀bẹ kúkúrú kan tó tọ́ bí ìka, tí kò sì ní ẹwà kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Oyèwùmí, tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ló rán àkọ̀ fún ọ̀bẹ náà. Kèrègbè ẹmu kan ṣoṣo ló gbà fún un.

Ní ọjọ́ ọjà kan, oníṣòwò Tápà kan tẹ́ ẹní, ó to ọ̀bẹ lé e. Ọ̀kan wà nínú wọn tí Àjíṣafẹ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ bí àgógó ẹnu àwòdì, ṣóńṣó orí rẹ̀ ká wá sínú, ìwo ẹfọ̀n dúdú tó ń dán ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀. Iye àgbò méjì ni ọkùnrin náà pè é, kò sì dín in.

Àjíṣafẹ́ sáré dé ilé, ó ń tú àgbò rẹ̀ méjèèjì lókùn. Ìyàwó rẹ̀ yọ sí i.

"Bàbá Ìgè, ibo lẹ̀ ń da àgbò lọ?"

"Mo fẹ́ fi ra ọ̀bẹ ni."

"Ọ̀bẹ tí yóò máa bá yín gun ọ̀pẹ ni àbí èwo? Kí ló fẹ́ gé tí ti bàbá yín kò lè gé?"

"Ìyá Ìgè, obìnrin kò mọ ọ̀bẹ."

"Ẹ̀fọ́ tí ẹ jẹ lánàá ńkọ́? Ṣé eyín ni mo fi rẹ́ ẹ?"

Àjíṣafẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Ká sọ òtítọ́, ọ̀bẹ náà dára. Ibi tó tẹ̀ yẹn máa ń kọ́ igi mọ́ra, kì í jẹ́ kó yọ̀. Ojú ọ̀pẹ tí ọ̀bẹ àtijọ́ ń rẹ́ léraléra, tuntun yìí á fà á lẹ́ẹ̀kan, ojú náà á mọ́ tónítóní, ẹmu á sì máa sun. Inú Oyèwùmí pàápàá dùn nígbà tó rí i. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tẹ́ ẹ sórí awọ, ó fi èédú fa ìlà yí i ká. Ó gé awọ náà sí méjì, ó fi òwú tó ti fi ìda pa rán wọn pọ̀. Nígbà tó parí, ó pe àbúrò rẹ̀ jókòó.

"Wò ó, ọ̀bẹ tó tọ́, ọ̀nà tó tọ́ ló ń gbà wọlé. Èyí tẹ̀. Bó o bá ń dá a padà, yí ọrùn ọwọ́ rẹ tẹ̀lé e, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa fara ra awọ. Bó o bá tì í wọlé tààrà, ṣóńṣó orí rẹ̀ á máa jẹ òwú."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò gbọ́. Lábẹ́ igi tí àwọn ọ̀mu ẹmu máa ń jókòó sí, ó fẹ́ràn kó fa ọ̀bẹ náà yọ, ṣàá! kó sì tún kì í bọ àkọ̀, gbà! Wọn á pariwo pé, "Àwòdì Ìdí-Ọ̀gánwó!" Kò pẹ́ tí àkọ̀ fi ya. Oyèwùmí rán an. Ó tún ya, Oyèwùmí tún un rán, ó tún kìlọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Àlàdé, àgbà nínú àwọn ọ̀mu, na ìka sí ìbàdí rẹ̀.

"Àjíṣafẹ́, ọ̀bẹ rẹ ń ba àkọ̀ jẹ́ o."

Àjíṣafẹ́ gbé ọ̀bẹ náà sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. "Mo ti bi í, Bàbá. Ó ní àkọ̀ lòun ń bà jẹ́, kí ló kan òun? Awọ ẹ̀gbọ́n mi ló rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀bẹ bí èyí kò yẹ kó máa sùn nínú awọ ewúrẹ́ olókùnrùn."

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀yìn wọn ni Oyèwùmí jókòó sí. Ó rọra gbé igbá ẹmu rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ sílé.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún gbé àkọ̀ yíya dé, kò nawọ́ gbà á.

"Wá awọ tó le ju tèmi lọ. Èmi kò rán an mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín la fi ń ṣe."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti rín tèmi tán."

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí a ti ń rán awọ tẹ̀lé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Àjíṣafẹ́ fi ìko di ojú ibi tó ya, ó gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ó gba oko lọ.

Ó gun ọ̀pẹ dé òkè. Ó fara ti igbà sẹ́yìn bí adẹ́mu ti í ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráàyè gbé kèrègbè kọ́. Bó ti fara tì í, ọ̀bẹ ìbàdí rẹ̀ ti ìko sápá kan, ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ síta, ó sì kọ́ igbà. Àjíṣafẹ́ gbọ́ tá, ó tún gbọ́ tá. Ó rò pé alángbá ló wà nínú imọ̀. Nígbà tó máa wo ìbàdí rẹ̀, igbà tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ kò ju okùn àgbò lọ mọ́.

Ó dì mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ìyá. Igbà já. Ìko náà já, ọ̀bẹ já bọ́, àpáta ìdí ọ̀pẹ sì dáhùn: kẹ́n! Àjíṣafẹ́ rọra ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀, kùkùté imọ̀ ń bó o láyà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó rí ọ̀bẹ rẹ̀ ní méjì. Ibi tó tẹ̀ gan-an ló ti kán.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Oyèwùmí kò wo ọ̀bẹ. Ó kọ́kọ́ fi àdí pa á láyà. Lẹ́yìn náà ló mú irin kíkán náà, ó fi wé àkọ̀ yíya.

"O ní ọ̀bẹ sọ pé àkọ̀ lòun ń bà jẹ́. Ta ló ń gbé inú àkọ̀?"

Oyèwùmí gbé méjèèjì síwájú àbúrò rẹ̀.

"Èwo nínú yín ló sì wólé rẹ̀, ìwọ ni àbí ọ̀bẹ?"

Àjíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú gbogbo egbò àyà rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó yọ ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lájà. Ó fi sí àkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀bẹ náà wọlé wọ́ọ́rọ́, kò dún rárá. Lábẹ́ igi àwọn ọ̀mu, ó bu igbá àkọ́kọ́ fún Oyèwùmí lójú gbogbo wọn. Bàbá Àlàdé wo ìbàdí rẹ̀.

"Àwòdì, ọ̀bẹ olówó ńlá dà?"

Àjíṣafẹ́ ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lóhùn, ẹnu kan náà tó ti bá ọ̀bẹ sọ̀rọ̀ níjọ́sí:

"Bàbá, ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."