Iná Tí Kò Rú Èéfín

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ ilé àti ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìjókòó lábẹ́ ibòòji yìí. Èmi Ọdẹ́níran ará Ìdó-Arère, tí mo ti fi ogójì ọdún ṣe ọdẹ, ni kí ẹ fetí sí, ẹ má sì bi mí bóyá òótọ́ ni, nítorí ara mi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Oyètádé, ọkọ àbúrò mi, ni a jọ wọ igbó lọ́dún kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó ṣubú sínú odò, mo fà á jáde, òjò ńlá tún ká wa mọ́ ọ̀nà, ó rin ẹ̀tù ìbọn mi gbingbin, a sì sá wọ inú ihò àpáta kan. Òtútù ti mú un débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo mọ̀ pé bí n kò bá tètè dáná, òkú ni n ó gbé lọ fún àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ìṣáná mẹ́ta péré ló kù nínú ọ̀rá tí mo fi wé e.

Ìkíní ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkejì ràn, ṣùgbọ́n ẹ wo àṣìṣe ọdẹ: ọwọ́ tí ó ti ń yan ẹran láti kékeré kò mọ iná mìíràn, igi tútù ni mo kó lé e, èéfín sì rú bolẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń mì. Iwin Ẹlẹ́sẹ̀-Kan, tí kò lójú, tí kò létí, tí imú rẹ̀ tó fi ń tọ èéfín lọ bá ènìyàn sì tó agbọ̀n, jókòó dí ẹnu ihò náà, díẹ̀ ló kù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó ní bí èéfín bá tún rú, òun á nawọ́ tọ̀ ọ́ wá, òun á sì jẹ ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ iná náà pa. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Oyètádé ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí ìyàwó mi.” Mo ní kó panu mọ́.

Ìgbà náà ni òòrẹ̀ kan yọrí láti inú ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó kí mi kú ewu, ó sì pè mí lórúkọ.

Ó ní, “Èéfín lo fi pa bàbá mi nínú ihò, Ọdẹ́níran. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nísàlẹ̀ níbí, bí o bá tún rú èéfín, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kú. Nítorí tiwọn ni n ó ṣe kọ́ ọ ní iná tí kì í rú èéfín.”

Ó gbẹ́ ihò kékeré méjì tí wọ́n pàdé nísàlẹ̀, ó ní kí n dáná sínú ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ máa gba inú èkejì wọ ìdí rẹ̀, kí igi náà gbẹ dénú, kí n sì là á tín-ín-rín bí ọwọ̀. Mo ní kò sí igi gbígbẹ níbí. Ó wo ìdí ìbọn mi, igi gbígbẹ tí àpò awọ kò jẹ́ kí òjò kàn.

Bàbá mi ló gbẹ́ ìdí ìbọn náà kó tó kú. Mo sunkún bí mo ti ń fi àdá là á. Mo fi ọ̀bẹ fá díẹ̀ nínú rẹ̀, mo ṣá ìṣáná kẹta, ó sì ràn, ó jó pupa rẹ́súrẹ́sú láìrú èéfín kankan. Oyètádé na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ẹlẹ́sẹ̀-Kan fa imú títí, kò gbóòórùn èéfín, ó sú u, ó ní àwọn wọ̀nyí ti kú, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Irin ìbọn lásán ni mo gbé wọ̀lú, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Oyètádé náà rèé lẹ́yìn yín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ dọdẹ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi èéfín dí ilé ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà n kò fi èéfín lé ẹran kankan jáde nínú ihò mọ́, nítorí mo ti jókòó síbẹ̀ rí. Ó dàbọ̀ o, kí ilé yín má ṣe há mọ́ yín.