Ọmọńlé Tó Sọ Ara Rẹ̀ Di Ọmọ Onílé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ṣé eku ti jẹ yín létí ni?

Àlọ̀ ò!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Kò já lé ọba, kò já lé ìjòyè. Orí Ọmọńlé ló já lé, ẹran bíńtín tó fi orúkọ lásán gba ilé onílé.

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan ń gbé ní abúlé, Ìyá Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Opó ni, òun nìkan ló sì wà nínú ilé alámọ̀ rẹ̀. Ìmọ́tótó obìnrin náà pọ̀ débi pé inú ń bí àwọn aládùúgbò. Bí ó bá jẹun alẹ́ tán, kò ní sùn láìfọ abọ́. Ìwọ tó o ti ń wo ilẹ̀ yẹn, gbójú sókè, ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí. Ó ń bo ìkòkò ẹ̀lúbọ́ rẹ̀, á tún gbé òkúta lé ìdérí. Ata gbígbẹ ló máa ń dà sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà dá a lu. Igi ìdáná rẹ̀ kì í fara kan ògiri, nítorí ikán. Ihò tó bá sì fojú kàn, amọ̀ ló fi ń dí i.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń lé e kiri, á ní, "Kòkòrò kì í ṣàdédé wọlé. Ẹnìkan ló ń pè é."

Ibì kan ṣoṣo ni kò dí. Òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí ògiri ti là díẹ̀ lábẹ́ igi àjà, ibẹ̀ ni Ọmọńlé ń gbé. Ó ti yé ẹyin méjì síbẹ̀, funfun báláú, wọn ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ìyá Àwẹ̀ró rí ẹyin náà lọ́jọ́ tó ń fi amọ̀ dí ihò, ó sì fọwọ́ fò ó. Ó ní, "Èyí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀fọn ló ń bá mi pa. Kó máa tọ́ ọmọ rẹ̀."

Ó wá di ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé Àwẹ̀ró bímọ sí Ṣakí. Ìyá rẹ̀ múra, ó fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó gbálẹ̀ ilé, ó da omi inú agbada nù, ó dojú gbogbo ìkòkò òfìfo délẹ̀, ó pa àtùpà. Ihò kan ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lu. Kò sáyè àtipo amọ̀ mọ́, ó bá ki àkísà bọ̀ ọ́. Nígbà tó ń ti ilẹ̀kùn iwájú, ó gbójú sókè, ó rí Ọmọńlé, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó dàbọ̀ o, ọmọ onílé! Ìwọ lo nilé títí n ó fi dé."

Àwàdà ni. Gbogbo yín lẹ gbọ́ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ láyé yìí, bí o bá bá wọn ṣàwàdà pé wọ́n lẹ́wà, ọjà ni wọ́n á gbà lọ, wọ́n á lọ ra dígí. Ọmọńlé wà lára wọn.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan?" Ó ń bá ẹyin rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọńlé, mo rò pé orúkọ lásán ni. Àṣé ọmọ onílé ni mí! Onílé fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó bá rìn yí ilé po. Ó wo àjà, ó ní, "Tèmi ni." Ó wo ìdí ààrò, ó ní, "Tèmi ni." Ó dé orí ìkòkò ẹ̀lúbọ́, ó fi ìrù gbá a wò, ó ní, "Tèmi ni." Kò mọ bí wọ́n ti ń ro àmàlà o, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí ebi fi dé bá ọmọ onílé. Àtùpà ti kú, kòkòrò kankan ò fò wá síbi iná mọ́. Omi ò sí nílẹ̀, ẹ̀fọn ò wá. Abọ́ mọ́, aáyán ò yọjú. Lọ́jọ́ kejì, èèrà kan tó ṣìnà ló jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹni tó ṣìnà.

Ó wo ẹyin rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rù bà á. "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá jáde, kí lẹ ó jẹ? Ìmọ́tótó?"

Ọlọ́gbọ́n á bọ́ síta, á lọ ṣọdẹ. Ìta kún fún kòkòrò. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ onílé ló yẹ kó máa ṣọdẹ? Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àjà, ó ń ro èrò. Ó ní bí Eku bá wọlé, á ya àpò, á sọ oúnjẹ kiri ilẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀, Aáyán á wá jẹ ẹ́. Bí Aáyán bá ti yó, á bímọ, àwọn ọmọ Aáyán á máa gun ògiri bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òun á kàn la ẹnu.

Orí yẹn pé, àbí kò pé? Ó pé. Ibi tí wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọńlé yọrí síta, ó pe Eku. Eku wá, ó gbóòórùn ilẹ̀kùn, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ilé Ìyá Àwẹ̀ró kọ́ nìyí? Obìnrin yìí ti fi amọ̀ dí ìyá mi mọ́ ihò rí. Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Kí ni orúkọ mi?"

"Ọmọńlé ni."

"Pè é dáadáa. Má gé e kúrú."

Eku rò ó díẹ̀. "Ọmọ... onílé?"

"Àwọn alàgbà rẹ kọ́ ọ dáadáa. Lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àkísà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe amọ̀. Àbí o ò léyín lẹ́nu ni?"

Ẹ bá mi gbè é, orin tí Ọmọńlé ń kọ nìyí nígbà tí Eku ń já àkísà:

Ta ló nilé yìí o?
*Ọmọ onílé!*
Eku dúró lẹ́nu ọ̀nà,
*Ọmọ onílé!*
Ẹ jẹ́ ó wọlé wá jókòó,
*Ọmọ onílé!*

Eku wọlé. Aya rẹ̀ tẹ̀ lé e. Aáyán gbọ́ orin, ó gba ihò kan náà wọlé, ó ń mi ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó ń dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ onílé, ẹ kú ilé o! Ẹ kú àlejò o!" Orí Ọmọńlé wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti ara ògiri.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe fẹ́. Eku ti òkúta kúrò lórí ìdérí, ẹ̀lúbọ́ dà sílẹ̀. Aáyán jẹ, ó bímọ. Ọmọńlé kì í rìn mọ́. Ó la ẹnu, ọmọ aáyán wọ ibẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sùn. Ikùn rẹ̀ yọ, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí èkùrọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀fun ẹyọ kan ló ní. Bó ti ń jẹ mẹ́wàá, Aáyán ń bí ogójì. Àwọn ọmọ aáyán tí Ọmọńlé ò lè jẹ tán dàgbà, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n ga jù ú lọ. Ìyàwó Eku bí mẹ́fà, àwọn mẹ́fà náà sì ń palẹ̀ mọ́ láti bí tiwọn. Àwọn eku fi aṣọ ìgbéyàwó Ìyá Àwẹ̀ró tẹ́ ìtẹ́. Òórùn ìtọ̀ wọn gba gbogbo ilé. Bàbá Ìgè, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò dárúkọ yàrá ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọmọńlé gbọ́ fàrà-fàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bojú wo inú igi àjà, ó bá Ikán níbẹ̀, òun àti ìdílé rẹ̀, wọn ò níye. Wọ́n ti mọ ọ̀nà erùpẹ̀ látilẹ̀ gun ògiri.

"Ta ló pè yín?"

Ikán ò tiẹ̀ dẹ́kun ẹnu. "Ilé tí ọmọ onílé ti ń gbàlejò tọ̀sán-tòru, ṣé àwa nìkan là ó máa kan ilẹ̀kùn?"

Ọmọńlé sáré padà síbi ẹyin rẹ̀. Ọ̀kan ló bá níbẹ̀. Ó wá òkè, ó wá ilẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí àkọ́bí Eku tó ń nu ẹnu.

"Ẹyin mi dà?"

"Ẹyin?" ni Eku bàbá wí, ó ń yọ eyín síta. "Ẹ má bínú, ọmọ onílé. A rò pé ẹ gbé e síbẹ̀ fún àlejò ni."

Ọmọńlé sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sunkún gidi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó pariwo pé kí gbogbo wọn jáde. Wọ́n ní kó wá lé àwọn. Òun tí kò ju ìka kan lọ, ta ló fẹ́ lé? Ó padà gun òkè, ó fi ara bo ẹyin kan tó kù. Ikán ń rọ erùpẹ̀ lé e lórí, kò kúrò níbẹ̀. Kò jẹun mọ́, kò sùn mọ́. Ẹyin kan yẹn ni gbogbo ohun tó kù fún un láyé.

Lógójì ọjọ́, Ìyá Àwẹ̀ró dé. Ó ṣílẹ̀kùn. Aáyán kan fò, ó bà lé e níwájú orí. Obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ilé yíká, ó sán ìró rẹ̀ mọ́ àyà. Ó lọ yá ológbò aládùúgbò, ó gbé omi kaná.

Ẹ̀yin ará mi, obìnrin náà ṣiṣẹ́! Ó kó ẹní àti aṣọ sí oòrùn. Ó da omi gbígbóná sí ìdí ààrò àti orí ọ̀nà ikán. Ó gbá ẹ̀lúbọ́ tó dà nílẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó dáná sí àgbàlá, ó ń da pàǹtírí sí i. Ó po amọ̀ fún ihò ẹ̀yìn, ó fi ológbò ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn àlejò ò rọ́nà sá lọ mọ́.

Ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Mo ti ní kòkòrò kì í ṣàdédé wọlé. Ta ló pè yín?"

Kò sí ẹni tó lu wọ́n kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Orin ni wọ́n fi dáhùn, Eku àti Aáyán pẹ̀lú Ikán:

Ta ló nilé yìí o?
*Ọmọ onílé!*
Ta ló ní ká wọlé jókòó?
*Ọmọ onílé!*

Ìyá Àwẹ̀ró gbójú sókè. Ológbò náà gbójú sókè. Ọmọńlé tó ti ní "tèmi ni" fún àjà, tó sọ ọ́ fún ààrò, tó sọ ọ́ fún ẹ̀lúbọ́, ó fà sẹ́yìn sínú erùpẹ̀ ikán tó bò ó, kí obìnrin náà má baà dá a mọ̀.

"Tèmi kọ́!" ló wí. "Ilé kọ́! Àlejò kọ́! Kọ́, kọ́, kọ́!"

Obìnrin náà fa àpótí, ó gùn ún, ó ń fi ọwọ̀ gbá erùpẹ̀ ikán kúrò lókè ẹnu ọ̀nà. Ọwọ̀ rẹ̀ kan nǹkan róbótó kan tí amọ̀ bò mọ́lẹ̀, tí kò ṣeé dá mọ̀. Ó dáwọ́ dúró.

"Kí nìyí? Bó bá jẹ́ ti ọmọńlé tí mo fi síbí, n ó fi í sílẹ̀, n ò bínú ọmọ. Bó bá jẹ́ ti àwọn jàǹdùkú yìí, iná ló ń lọ. Ta ló ni ín?"

Ọmọńlé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Tèmi ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, òun ni ọmọńlé yẹn, òun náà ni ọmọ onílé tí wọ́n ń kọrin rẹ̀, ológbò sì wà nísàlẹ̀ tó ń wò ó, tó ń lá ẹnu. Ó wo ẹyin. Ó wo ológbò. Ó la ẹnu.

"Kọ́," ló wí. "Kọ́, kọ́, kọ́."

Ìyá Àwẹ̀ró gbá a bọ́ sínú agbọ̀n pàǹtírí, ó gbé e lọ síbi iná. Ó padà wá, ó fi amọ̀ dí ojú ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọńlé ti ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri lásán, láìní ibi kan pàtó. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó gbọ́ tó ń wí pé kọ́, kọ́, kọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ pe kòkòrò wọlé, kó má retí pé kòkòrò á mọ yàrá tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ké "tèmi ni" lórí ohun olóhun, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní lè fi ẹnu náà gba tirẹ̀. Ó kọ́ mi pé ká fọ abọ́ ká tó sùn, ká bo ìkòkò, ká fi amọ̀ dí ihò, ká má fi àkísà tàn án. Bí mo bá purọ́, kí ikán jẹ ẹsẹ̀ àpótí tí mo jókòó lé yìí. Ẹ rí i? Àpótí ò mì.

Ó yá, ẹ lọ fọ abọ́ yín. Ta ló sì fi ìkòkò ẹ̀lúbọ́ sílẹ̀ láìbò nínú ilé yìí?

Gbogbo yín ti yadi. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń dáhùn lára ògiri yẹn, ẹ tẹ́tí sí i.