Omi Ló Gbé Ọkọ̀, Apá Ló Gba Ìyìn

Ọkùnrin ará òkè kan wà tí ó fẹ́ ọmọ etí òkun. Ó kó wá sí abúlé ìyàwó rẹ̀, létí odò kan tó ṣàn wọ inú òkun, ó ra ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń gbé igi ìdáná lọ sí ẹnu òkun fún àwọn obìnrin tí ń yan ẹja. Bí ó bá ta igi tán, yóò kó ẹja yíyan bọ̀ wálé.

Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá jókòó sínú ọkọ̀, ọkọ̀ a sáré lọ, a sì tún sáré bọ̀. Àwọn ará abúlé ní apá ará òkè yìí, irin ni. Ó gbọ́, ó sì gbà á gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: ìyàwó rẹ̀ kò ní àkókò kan. Lónìí, yóò jí i kí àkùkọ tó kọ, pé kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, oòrùn á ti ga, kò ní tíì kúrò nídìí ààrò. Bí wọ́n bá sì tajà tán lẹ́nu òkun, kì í fẹ́ padà. Yóò kí ẹni yìí, yóò kí ẹni tọ̀hún, yóò tún jókòó máa di irun.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé a ò ní lọ sílé ni?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, omi ò tíì yí. Òkun ṣì ń fà á lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé omi ló ń tu ọkọ̀ ni, àbí apá mi?"

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà kò ti bá a jiyàn mọ́. Ó kàn ń di irun rẹ̀ lọ ni.

Nígbà tó yá, ó sú ọkùnrin náà. Ó ní kí ìyàwó òun máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń yára. Obìnrin náà káṣọ, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà nìkan ló tukọ̀ lọ. Ọkọ̀ sáré gan-an. Ó ta igi, ó kó ẹja, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kọ orí ọkọ̀ sí ọ̀nà ilé. Ó tukọ̀ títí òógùn fi bò ó lójú. Ó wo igi kan létí omi, igi náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún fi agbára kún un. Nígbà tí yóò fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì, igi náà ti ṣíwájú rẹ̀. Omi ń fà á padà lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó nawọ́ di gbòǹgbò igi kan mú, ó sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ló wà tí omi fi fà tán. Omi dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà láti inú òkun. Ó gbé ọkọ̀ náà, ó ń gbé e lọ sílé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkùnrin náà kò tíì fọwọ́ kan àjẹ̀. Ìgbà náà ló yé e. Òkun a máa fa omi jáde, a sì máa dá a padà, kì í sì í ṣe ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ti ọ̀la a máa pẹ́ ju ti òní lọ. Obìnrin tí ó pè ní aláìlákòókò, omi ló ń tẹ̀ lé. Ojú tì í débi pé ó sunkún.

Kò yà sílé ara rẹ̀. Ó jẹ́ kí omi gbé òun kọjá dé èbúté ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́ lónìí o."

Ọkùnrin náà ní, "Mo dúró de omi ni."

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ, ọ̀rẹ́ mi, ìdí nìyí tí mo fi pa ìtàn yìí fún ọ. Ọjà ń tà, àwọn ènìyàn ń yìn ọ́, ìwọ náà sì ń yin apá rẹ. O ní ìyàwó rẹ ń fà ọ́ sẹ́yìn: o fẹ́ ra mọ́tò, ó ní kí ẹ ní sùúrù, o fẹ́ bá ẹnì kan dòwò pọ̀, ó ní kò tíì yá. O wá bi mí bóyá kí o dá a padà sílé bàbá rẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Apá rẹ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Máa lọ sílé báyìí, jókòó tì í, kí o bi í ní ohun tó ń wò tí ìwọ kò rí. Má dúró di ìgbà tí o bá rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi kí o tó bi í.