Ebè Láníhùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ra, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ yìí tutù. Àyọ̀ká, wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣé gbogbo yín ti pé? Ẹ jẹ́ kí n tún ojú yín wò ná.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wọ̀ọ̀, kò bọ́ sódò, kò bọ́ sáàfin, oko Láníhùn ló bọ́ sí.

Àgbẹ̀ ni Láníhùn. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Bí ó bá gbé ọkọ́ sókè, tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kìì, ebè dé nìyẹn. Òun àti Ọdẹ́jọbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe àáró: bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lóko Láníhùn lónìí, oko Ọdẹ́jọbí ló kàn lọ́la. Ẹnu Ọdẹ́jọbí dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ jìn bíi kànga.

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ ni ogun dé. Olórí ogun ránṣẹ́ sí ìlú pé, nínú ẹni méjì tó bá jọ ń ṣe àáró, kí ẹnì kan wá sójú ogun, kí èkejì dúró ro oko méjèèjì, kí ebi má baà pa ilé.

Bí Ọdẹ́jọbí ti gbọ́, ó wọ yàrá, ó fi àkísà di ẹsẹ̀ gírígírí, ó ń tiro jáde.

“Yéè! Láníhùn ọ̀rẹ́ mi, kùkùté gún mi!”

“Ṣebí ìwọ lo jó lánàá níbi ìsọmọlórúkọ?”

“Ijó yẹn náà ni mo ń jó tí mo fi kọ lu kùkùté! Ṣé kí n máa tiro sá lójú ọ̀tá ni? Ìwọ lọ. Ebè rẹ ni n ó kọ kí n tó kọ tèmi.”

Láníhùn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, má lọ.”

“Ìyá mi, bí a ò bá lọ bá wọn, wọn á wá bá wa nílé. Èèbù iṣu tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo ti kó o fún Ọdẹ́jọbí kó bá wa gbìn ín. Kí n tó dé, ẹ ó ti máa jẹ iyán.”

Ó lọ.

Ọdẹ́jọbí kọ ebè náà lóòótọ́, kí ará ọ̀nà lè rí i. Ó gbé agbọ̀n èèbù wọ ahéré, ó ní kí òun kàn sun ẹyọ kan wò. Ó sun ún, ó dùn. Ó sun òmíràn. Wùyà-wùyà, wùyà-wùyà, títí agbọ̀n fi ṣófo! Ó wá fi koríko bo orí ebè, ó ta igi sí i lára. Bí ẹ bá rí oko náà, ẹ ó ní, “Àgbẹ̀ rèé!”

Òjò rọ̀. Iṣu Ọdẹ́jọbí hù, ó ń fà mọ́ igi. Oko Láníhùn pa kẹ́kẹ́.

Ìyá Láníhùn wá. “Ọdẹ́jọbí, kí ló ṣe iṣu ọmọ mi?”

“Ìyá wa, ọkàn yín kì í balẹ̀! Iṣu yìí mọ olówó rẹ̀. Àárò ló ń sọ ọ́. Ẹ máa kọrin fún un.”

Ẹ gbọ́ o, èèwọ̀ kan wà ní ìlú náà. Bí ẹnìkejì rẹ nínú àáró bá bá ọ gbin iṣu, o kò gbọdọ̀ tú ebè wò. Ẹni tó bá tú u ti pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olè. Ìyá na ọwọ́ sí ebè, ó fà á padà. “Bí mo bá bà á nínú jẹ́, ta ni yóò ro oko fún wa?” Ló bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Iṣu ọmọ mi, yọjú o,
*Jọ̀ọ́, yọjú o.*
Ọmọ mi wà lójú ogun,
*Jọ̀ọ́, yọjú o.*
Ebi ń pa mí nílé,
*Jọ̀ọ́, yọjú o.*
Má jẹ́ kó wá bá òfo,
*Jọ̀ọ́, yọjú o.*

Ọdẹ́jọbí wà nínú ahéré, iṣu sísun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ìyá wa, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀ sí i!”

Ìyá ń kọrin láràárọ̀ títí òjò fi dá.

Láníhùn dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ogun sinmi díẹ̀, àpá idà ní èjìká. Kò mu omi, oko ló gbà lọ. Ó tú ebè kan: òfo. Ó tú òmíràn: òfo. Ó ń tú u kiri bí aṣiwèrè, erùpẹ̀ ń fọ́n gbùà, gbùà. Òfo ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará ìlú sáré dé, wọ́n fa Ọdẹ́jọbí jáde nínú ahéré.

“Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ jẹ,” ló ń wí. “Ẹyọ kan péré.”

Láníhùn gbé ọkọ́ sókè. Àwọn èèyàn pariwo, “Pa á!” Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀.

“Mo ti pa èèyàn tó lójú ogun. Bí mo bá pa eléyìí, ṣé iṣu á hù?”

Láti ọjọ́ náà, bí Ọdẹ́jọbí bá pe àáró, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ ẹ. Iṣu oko tirẹ̀ náà, ó ti sun ún jẹ tán; igbó wá gba oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nìyẹn ṣe fún Láníhùn? Ó tọrọ èèbù kiri ìlú, kò rí. Ọdún ogun ni, olúkúlùkù ti jẹ tirẹ̀.

“Ìyá mi, àgbẹ̀ tí kò ní èèbù, kí ló jẹ́? Ní ibùdó ogun, wọ́n ń fún wa ní àgbàdo. N ó máa fi ìdajì ránṣẹ́ sí yín.”

“N kò fẹ́ àgbàdo. Ìwọ ni mo fẹ́.”

“Ẹ ó kú, ìyá mi. Ebi á pa yín kú.”

Ó padà sógun. Àgbàdo dé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ kò sè é. Ó gbé e lé itan, ó ń retí èkejì. Èkejì kò dé.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àyọ̀ká. Láníhùn kò padà wá mọ́.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e síwájú mọ́. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ọ̀fun mi gbẹ.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jẹ èèbù ẹni tó lọ sógun, ẹni tó lọ sógun náà gan-an ló jẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn ṣọ́, ẹ ṣọ́ ọ. Bí ara bá sì ń fu yín, ẹ tú ebè wò, ẹ má tijú.