Àna Tó Ti Òkun Dé

Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àgbà pẹ̀lú.

Nígbà tí ọkọ̀ ìgbòkun gbé Jòsáyà dé láti Sàró, òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ti ń wò ó láti etí òkun. Láwàní, tó máa ń pọn èrò láti inú ọkọ̀ gúnlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi.

"Ọ̀gá, ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?" Jòsáyà gun ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà gogoro tirẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ìgbì kan dé, ó já sómi gbàmù!

Bàbá ìyàwó ní, "Ṣé ẹja la fẹ́ fọmọ fún ni?"

Ìyá ìyàwó kígbe: "Àna wa, ẹ ṣípá o!"

Kíá ló na apá sókè. Láwàní gbé e gúnlẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó ń gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ ká fún un níyàwó."

Ẹ dán an wò nílé: kí ẹnìkan pọ̀n yín, kí ẹ má dì í mú. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ o.